Ta Ni Wàá Jẹ́ Lónìí?

Ní Kánádà, ó dìgbà tí alẹ́ bá ti lẹ́ kí pápá yìnyín tó rọ àwọn àgbàlagbà tí kò fi họ́kì jẹun lọ́rùn láti háyà. Púlọ́ńbà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, awakọ̀ takisí àti akáńtáǹtì náà kò gbẹ́yìn. Líìgì ọtí bíà ni wọ́n ń pe ìdíje wọn, nítorí ohun tí wọ́n máa ń mu lẹ́yìn eré. Bí wọ́n bá ti ń so okùn bàtà onírin wọn nínú yàrá ìmúra, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ yọjú: bíi ta ni lágbájá ṣe ń gbá a? Ọ̀kan á ní Bobby Orr, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó lókìkí, lòun fi jọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti rí i lórí yìnyín mọ̀ pé kò tíì lè yí sọ́wọ́ òsì láìdi ògiri mú. Ẹlòmíràn á dárúkọ eléré kan tí kò lókìkí, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa dí àwọn alátakò lọ́nà lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbà gbọ́.

Ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ara rẹ̀ wé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nídìí họ́kì, torí pé kò sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kankan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1875, James Creighton kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn Victoria Skating Rink ní Montreal, ènìyàn mẹ́sàn-án níhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbá họ́kì lábẹ́ òrùlé níṣojú aráàlú tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn pè. Dípò bọ́ọ̀lù, igi pẹlẹbẹ rìbìtì ni wọ́n lò, kó má baà fò lu àwọn òǹwòran. Eré àwọn ọ̀tọ̀kùlú àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Lójú wọn, ẹni tó bá gbowó lórí eré ti ta iyì rẹ̀. Nígbà tí Lord Stanley, gómìnà àgbà tí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán sí Kánádà, fi ife ẹ̀yẹ kan lélẹ̀ lọ́dún 1892, àwọn tó ń ṣeré láìgbowó ló ní lọ́kàn, ẹgbẹ́ irú wọn kan láti Montreal ló sì kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 1893.

Àmọ́ owó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n ń fún eléré tó dáńtọ́ ní iṣẹ́ tí kì í lọ ṣe, wọ́n sì ń ki owó sí i lápò lẹ́yìn eré. Àwọn ará Houghton, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni kò fi ṣe bòókẹ́lẹ́. Jack Gibson, oníṣègùn eyín tó wá láti Kánádà, wà lára àwọn tó dá líìgì sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1904, ní gbangba ni wọ́n sì ń sanwó. Líìgì náà kò ju ọdún mẹ́ta lọ, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ Kánádà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, àwọn ọmọ wọn sì padà sílé. Nígbà tó fi máa di 1908, ife Stanley ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó iṣẹ́ débi pé Montagu Allan, olówó kan ní Montreal, ní láti fi ife mìíràn lélẹ̀ fún àwọn tí kò gbowó. Ife ti di méjì, eléré di ọ̀nà méjì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1917 ni wọ́n dá líìgì NHL sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Windsor ní Montreal, láti ìgbà náà ni ẹni tó ń gbá a fún ìgbádùn ti ní ẹni tó lè máa wò lókè.

Wíwò ọ̀hún gan-an kò rọrùn. Rédíò ló kọ́kọ́ gbé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè fojú rí wọn. Foster Hewitt bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré họ́kì lórí afẹ́fẹ́ ní Toronto lọ́dún 1923. Nígbà tí wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn Maple Leaf Gardens ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1931, inú àpótí kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè àjà gbọ̀ngàn náà ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde ní alẹ́ Sátidé. Ọmọ àgbẹ̀ ní Saskatchewan, tí kò mọ ọ̀nà Toronto, á ká jọ ti rédíò pẹ̀lú bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí lèèyàn lè rí kọ́ nínú ohùn? Kò rí bí eléré ṣe tẹ orúnkún, kò rí bó ṣe di igi mú. Orúkọ nìkan ló bá a délé.

Orúkọ náà ló sì gbé lọ sórí adágún tó dì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á ti yan ẹni tí yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ pariwo orúkọ ló ni ín. Kátálọ́ọ̀gù ilé ìtajà Eaton's, ìwé ńlá tí gbogbo ilé ní, ni wọ́n ń so mọ́ ojúgun kí igi má baà ṣe wọ́n léṣe. Ẹni tí kò lówó róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì á fi ìgbẹ́ ẹṣin tó dì gbagidi rọ́pò rẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ eré ara wọn, pẹ̀lú ariwo bíi ti Hewitt. Irọ́ dídùn ni, kò sì sẹ́ni tó lè já wọn, torí pé kò sẹ́ni tó rí òótọ́ níbẹ̀.

Nínú gbogbo orúkọ tí àwọn ọmọ gbé wọ̀, bóyá ni èyí tó wúwo tó ti Maurice Richard wà. Ní sáà 1944 sí 1945, ó gbá góòlù 50 wọlé nínú eré 50 fún ẹgbẹ́ Canadiens ti Montreal, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Fún àwọn ará Quebec tó ń sọ Faransé, tí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Nígbà tí Clarence Campbell, ààrẹ NHL, lé e lóṣù Kẹta ọdún 1955 kúrò nínú eré tó kù ní sáà ọdún yẹn, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Montreal ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n sì fọ́ ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Sainte-Catherine.

Roch Carrier, ọmọ abúlé Sainte-Justine, ló wá kọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọmọdé nígbà náà sínú ìtàn kúkurú kan tó jáde lọ́dún 1979. Gbogbo ọmọkùnrin inú ìtàn náà ló wọ jẹ́sì Canadiens nọ́ńbà 9, tí wọ́n ya irun bíi ti Richard, tí wọ́n so bàtà bíi tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń bára wọn gbá a kún fún Richard. Jẹ́sì ọmọ kan gbó. Ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Eaton's, wọ́n sì fi jẹ́sì Maple Leafs ti Toronto, àwọn ọ̀tá gan-an, ránṣẹ́. Sinimá àwòrán kan tẹ̀ lé ìtàn náà lọ́dún 1980, nígbà tó sì di 2002, gbólóhùn kan láti inú rẹ̀ ti wà lórí owó bébà dọ́là márùn-ún ti Kánádà, nítòsí àwòrán àwọn ọmọdé tó ń gbá họ́kì.

Ẹ wò ó dáadáa: nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ Sainte-Justine kó lára Richard, kò sí ọ̀nà ìgbáhọ́kì kan níbẹ̀. Irun ni, jẹ́sì ni, okùn bàtà ni.

Tẹlifíṣàn ló yí i padà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1952 tí CBC, iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Kánádà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé họ́kì sórí àwòrán, ọmọdé lè rí bí ara eléré ṣe ń yí. Eléré Canadiens mìíràn, Bernie Geoffrion, wà nígbà náà, tó máa ń gbé igi rẹ̀ sókè réré kó tó fi gbogbo agbára lu pọ́ọ̀kì, débi pé ariwo ìlù náà ni wọ́n fi fún un ní orúkọ ìnagijẹ. Ọmọdé kò nílò akọ́nimọ̀ọ́gbá láti kọ́ ìyẹn. Ó rí i lálẹ́ Sátidé, ó sì fọ́ fèrèsé gáráàjì bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday.

Ṣùgbọ́n ṣé Geoffrion ló kọ́kọ́ ṣe é? Lọ́dún 1895, àwọn olórí ìjọ Onítẹ̀bọmi aláwọ̀ dúdú ní Halifax, ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà, dá líìgì họ́kì tiwọn sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ má baà fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn baba ńlá púpọ̀ nínú àwọn eléré náà sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì ń rí pápá yìnyín lò, nígbà tí àwọn funfun bá ti lò ó tán. Nínú ìwé tí George àti Darril Fosty gbé jáde lọ́dún 2004, wọ́n ní eléré líìgì yìí kan, Eddie Martin, ti ń gbé igi sókè lu pọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú Geoffrion. Wọ́n tún ní Henry Franklyn, aṣọ́lé kan níbẹ̀, máa ń wólẹ̀ sórí yìnyín láti fi ara dí pọ́ọ̀kì. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí Martin. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé NHL fòfin de aṣọ́lé tó bá wólẹ̀ nígbà tí líìgì náà bẹ̀rẹ̀, oṣù Kìíní ọdún 1918 ni wọ́n tó yí òfin náà padà, nítorí Clint Benedict ti Ottawa tó máa ń kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí yóò sì sọ pé òun ṣubú ni. Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Kánádà tẹ sítáǹbù fún ìrántí líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú yìí.

Èyí ló mú kí ìbéèrè inú yàrá ìmúra náà jinlẹ̀ ju bí àwọn tó ń bi í ṣe rò lọ. Ẹni tó ní òun ń gbá a bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ báyìí-báyìí lè máa gbá a bí ẹnì kan tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ Herb Carnegie sì burú ju ti ẹni tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n bí ní Toronto ni, nínú àwọn líìgì Quebec tí kò tó NHL ló sì ti gbajúmọ̀, òun àti Ossie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Manny McIntyre, aláwọ̀ dúdú mẹ́ta lórí ìlà iwájú kan ṣoṣo. Lọ́dún 1948, Rangers ti New York pè é wá fi ara rẹ̀ hàn láàárín àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ó gbá a tẹ́ wọn lọ́rùn, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké abẹ́ wọn ni wọ́n ní kó lọ, fún owó tí kò tó èyí tó ń gbà ní Quebec. Ó kọ̀ ọ́. Jean Béliveau, tí òun àti Carnegie jọ gbá a nínú ẹgbẹ́ Aces ti Quebec kó tó di ọ̀gá ní Canadiens, kò yé yìn ín títí dọjọ́ alẹ́. Nínú ti Carnegie, àwọn tó wò ó ló ń fi í wé àwọn ti NHL, ìwọ̀n náà sì dọ́gba, ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1958 ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Willie O'Ree, gbá a ní NHL, tí ojú rẹ̀ ọ̀tún kò sì ríran. Ọdún 2022 ni wọ́n gba Carnegie sí Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí Họ́kì, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Lẹ́yìn ohun tí ojú ń rí lórí tẹlifíṣàn, ó kan ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Stan Mikita àti Bobby Hull ti Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í lo igi tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọ́lọ́. Igi Mikita ló sán níbi ìgbáradì, inú bí i, ó fi lu pọ́ọ̀kì, pọ́ọ̀kì náà sì fò lọ́nà tí kò rí rí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fi omi gbígbóná rọ igi tiwọn nílé ìdáná, tí wọ́n ń ki í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn kó lè tẹ̀. NHL ní láti fi òfin dín ìtẹ̀ náà kù sí ìdajì íǹṣì lọ́dún 1970. Lónìí kò sí pé à ń rọ igi nílé ìdáná mọ́: ilé iṣẹ́ Bauer ti ta ìtẹ̀ P88 pẹ̀lú orúkọ Patrick Kane, ó sì ti ta P92 pẹ̀lú orúkọ Auston Matthews, eléré NHL ni àwọn méjèèjì. Púlọ́ńbà tó gbá góòlù méjì wọlé ní gbogbo sáà lè di ìtẹ̀ Matthews mú, ó kù kó ní apá rẹ̀.

Bobby Orr tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ṣòro jù lọ láti fara wé, síbẹ̀ òun ni wọ́n fara wé jù. Ẹ̀yìn ló ti ń gbá a, síbẹ̀ òun ló gba ẹ̀bùn ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù nínú NHL ní sáà tó parí lọ́dún 1970 pẹ̀lú àmì 120, ó sì tún gbà á lọ́dún 1975. Kò sí ẹlẹ́yìn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀nba téèpù díẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ igi rẹ̀, kì í sì í wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú bàtà onírin. Téèpù àti ìbọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ rí kó. Ìsáré rẹ̀ kò ṣeé kó.

Ẹni tó bá rò pé ọmọdé nìkan tàbí aláìmọ́ṣẹ́ ló ń ṣe irú èyí, kó wo Wayne Gretzky, ọ̀gá nínú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ NHL. Gordie Howe, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ni òrìṣà rẹ̀, nọ́ńbà 9 Howe ló sì fẹ́. Lọ́dún 1977 tó dé ẹgbẹ́ Greyhounds ti Sault Ste. Marie, ẹlòmíràn ti wọ 9, bó ṣe di pé ó wọ 99 nìyẹn. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti gbá góòlù 378 wọlé láàárín sáà kan ní Brantford, ìlú rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọ̀n alátakò tí ó sọ di ilé rẹ̀, Bobby Clarke ti Philadelphia ló wò tó fi kọ́ ọ. Kékeré ló sì ti ń ki etí jẹ́sì rẹ̀ bọ ṣòkòtò níhà ọ̀tún, torí pé jẹ́sì àwọn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fún un, ó sì tóbi jù ú lọ. Ó ki í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1999, àwọn ọmọ tí jẹ́sì tiwọn bá wọn mu rẹ́gí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki tiwọn bọ̀ ọ́.

Ti Howe fúnra rẹ̀ ní àwàdà nínú. Bí eléré bá gbá góòlù kan wọlé, tó fi ọ̀kan lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ja ìjà kan nínú eré kan náà, orúkọ Howe ni wọ́n fi ń pe mẹ́ta náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Howe lò ní NHL, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ṣe é. Nínú líìgì ọtí bíà, ẹni tó bá jà á lọ sílé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pa mẹ́ta náà pọ̀ láìsanwó ìtanràn.

Ní St. Albert, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Edmonton, ọmọ kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí yíyan orúkọ kò rọrùn fún. Bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, Adékúnlé ni orúkọ rẹ̀ kó tó sọ ara rẹ̀ di Elvis ní Kánádà, ó sì di lọ́yà níbẹ̀; ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà. Bàbá ìyá rẹ̀ ló mú un lọ kọ́ họ́kì. Jarome Iginla ni ọmọ náà, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tirẹ̀ náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré máa ń bi í pé báwo ni yóò ṣe dé NHL nígbà tí kò sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ó ní èsì: Grant Fuhr, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ń ṣọ́ àwọ̀n fún ẹgbẹ́ Oilers ní Edmonton, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ilé wọn, ife Stanley márùn-ún ló sì wá gbà pẹ̀lú wọn. Nítorí Fuhr, aṣọ́lé ni Iginla kọ́kọ́ jẹ́.

Kò jọ Fuhr rárá. Nígbà tó kúrò nídìí àwọ̀n, ó di iwájú alágbára, ẹni tó máa ń fi èjìká pín àwọn ẹlẹ́yìn níyà kó tó gbá a wọlé, tó sì múra ìjà bó bá dé. Howe ló tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Fuhr. Ó gbá góòlù 625 wọlé ní NHL nínú eré 1,554. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2002, ó gbá méjì lára márùn-ún tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì ní Salt Lake City, òun sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Calgary fi nọ́ńbà 12 rẹ̀ kọ́ sókè àjà lóṣù Kẹta ọdún 2019. Ohun tó mú lọ́wọ́ Fuhr kò sí nínú ọ̀nà ìgbáhọ́kì rẹ̀, a kò sì lè rí i lórí tẹlifíṣàn bí a bá wò ó títí di ọ̀la. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ Utah mú Tij ọmọ Iginla ní ipò kẹfà nínú àwọn ọ̀dọ́ tí NHL pín, wọ́n sì ti ń fi í wé bàbá rẹ̀ kó tó gbá eré NHL kan.

Ìgbà mélòó ni wọ́n wá gbé ẹni tó ń gbá a fún ìgbádùn sórí ìwọ̀n ní tòótọ́? George Plimpton, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dúró nídìí àwọ̀n fún Boston Bruins ní ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú eré ìmúrasílẹ̀ kan pẹ̀lú Philadelphia lọ́dún 1977, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Eré àríyá nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin NHL fàyè gbà á nígbà kan pé bí àwọn aṣọ́lé méjèèjì ẹgbẹ́ kan bá fara pa, kí wọ́n ké sí aṣọ́lé pàjáwìrì tó jókòó sítòsí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2018, akáńtáǹtì kan tó ń jẹ́ Scott Foster, ọmọ ọdún 36, tó ń gbá a nínú líìgì àwọn àgbàlagbà, wọlé fún Chicago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló lò, ó dí pọ́ọ̀kì méje tí Winnipeg gbá sí i, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan wọlé.

David Ayres ló tẹ̀ lé e, ní Toronto, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2020. Ọmọ ọdún 42 ni, kíndìnrín ìyá rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Inú Maple Leaf Gardens àtijọ́, tí yunifásítì kan ti ń lò báyìí, ló ti ń ṣiṣẹ́, tó tún máa ń wa ẹ̀rọ tó ń dán yìnyín. Carolina ló nílò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, lòdì sí Maple Leafs. Pọ́ọ̀kì méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí i, méjèèjì ló wọlé. Àwọn tó ń wò ó nílé lè ti rò pé wọ́n ti rí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló dí mẹ́jọ tó kù, nígbà tí àwọn eléré Carolina kóra jọ síwájú rẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí Toronto rí àyè gbá a dáadáa. Mẹ́fà sí mẹ́ta ni Carolina fi borí. Igi rẹ̀ lọ sí Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí Họ́kì. Dọ́là 500 ni wọ́n san fún un, wọ́n sì ní kó mú jẹ́sì náà lọ sílé.